A Ń Ṣọ́ Oyún Lẹ́nu Ọ̀nà, Éèdì Ń Gba Ẹ̀yìnkùlé Wọlé

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn òbí, àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ àti àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn sọ nínú gbọ̀ngàn kan ní Ìbarà, Abẹ́òkúta, nìyí. Mo yọ díẹ̀ nínú àwàdà ọjọ́ náà kúrò, mo sì fi ìbéèrè méjì tí wọ́n bi mí sí ìparí.

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọmọ Lísàbí. Ẹ̀yin ọ̀gá aránṣọ, ẹ̀yin onídìrí, ẹ̀yin aládìrẹ tí ẹ ti Ìtòkú wá, ẹ̀yin mẹkáníìkì tí ẹ ti ṣọ́ọ̀bù pa nítorí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ kú ìfarabalẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n ní kí ẹ lọ jókòó sẹ́yìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé àga yín bọ̀ níwájú. Ẹ̀yin lọ̀rọ̀ kàn.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Mo ti fẹ̀yìn tì, àmọ́ etí mi kò tíì fẹ̀yìn tì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi jókòó nínú yàrá kékeré kan tí wọ́n ti ń gba àwọn tó fẹ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò nímọ̀ràn. Ohun tí mo bá bọ̀ láti inú yàrá yẹn kò gùn: a kọ́ àwọn ọmọ wa láti sá fún oyún, a kò kọ́ wọn láti sá fún àrùn. Oyún máa ń yọ síta, aládùúgbò á rí i, á di ẹ̀gàn. Kòkòrò éèdì kì í yọ síta. Ibẹ̀ ló ti rí àyè.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé tiwa. Nígbà tí mo rí nǹkan oṣù mi àkọ́kọ́, ìyá mi pè mí sẹ́yìn ilé wa ní Ìtokò. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní: "Láti òní lọ, bí ọkùnrin bá fọwọ́ kàn ọ́ pẹ́nrẹ́n, oyún ni." Ó parí. Ó padà sídìí àmàlà tó ń ro. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni n kò fi jẹ́ kí kọ́ńdọ́ ọkọ̀ fi ṣéńjì lé mi lọ́wọ́. Mo ní kó jù ú sórí ìjókòó.

Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Gbólóhùn kan náà ni ọ̀pọ̀ yín gbọ́, òun náà lẹ sì ń sọ fún àwọn ọmọ tiyín. Ìyá mi kò ní èrò ibi lọ́kàn, ojú ló ń tì í. Àwa Yorùbá kò fẹ́ràn kí a máa pe nǹkan wọ̀nyẹn lórúkọ. "Kiní" la ń pè é, "ojú ara" la ń pè é. Ọ̀wọ̀ wà nínú àdàpè yẹn, n kò sì ní kí a jù ú nù. Àmọ́ ọmọ tí a fi àdàpè kọ́ kò mọ ohun tí a ń kọ́ ọ. Ọjọ́ tí ọmọkùnrin bá fọwọ́ kàn án tí oyún kò dé, ọjọ́ náà ni yóò gbà pé irọ́ ni ìyá òun ń pa. Kò ní bi í ní nǹkan kan mọ́. Ọ̀rẹ́ ni yóò bi, tàbí fóònù.

Ọmọ ọdún 17 kan wọlé tọ̀ mí wá lọ́jọ́ kan, ọmọ iṣẹ́ onídìrí. Ó jókòó, ara rẹ̀ balẹ̀. Mo bi í bóyá ó máa ń dáàbò bo ara rẹ̀. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni mà, mo máa ń lo Postinor," ìyẹn hóró oògùn tí wọ́n ń lò lẹ́yìn ìbálòpọ̀ kí oyún má bàa dé. Lójú tirẹ̀, ó ti ṣe gbogbo ohun tí ìyá rẹ̀ ní kó ṣe: oyún kò dé. Ẹ gbọ́ o, hóró oògùn yẹn kò mọ éèdì, kò mọ àtọ̀sí. Kọ́ńdọ̀mù nìkan ló ń dí ọ̀nà mọ́ oyún àti àrùn pọ̀, òun gan-an ni ojú sì ń ti ọmọ náà láti béèrè, nítorí pé ẹni tó ń ta kẹ́míìsì àti ìyá rẹ̀ jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì ni. Hóró kan kò ṣòro láti fi pamọ́ sínú àtẹ́lẹwọ́. Ẹ má bi mí léèrè èsì àyẹ̀wò rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn.

Ẹnì kan lè sọ pé ọmọ kékeré ni wọ́n, pé kí n má ṣí wọn lójú. Nígbà tí wọ́n kéde ní 1986 pé éèdì ti wọ Nàìjíríà, ọ̀kan nínú àwọn méjì àkọ́kọ́ tí wọ́n rí i lára wọn ní Èkó jẹ́ ọmọbìnrin ọmọ ọdún 13. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá! Ẹni kan ti ṣí i lójú kí ẹnikẹ́ni tó rántí láti kìlọ̀ fún un.

Láti ìgbà náà, àrùn yìí gòkè, ó sì rọlẹ̀. Nínú àwọn aláboyún tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò ní 1991, ìdá 1.8 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní kòkòrò náà. Nígbà tó fi máa di 2001, ó ti di 5.8. Ìwádìí ńlá tí ìjọba ṣe láti ilé dé ilé ní 2018 ní ìdá 1.4 nínú ọgọ́rùn-ún ni, láàárín àwọn tó jẹ́ ọmọ ọdún 15 sí 49. Òṣùwọ̀n méjèèjì kò rí bákan náà, nítorí ẹ̀jẹ̀ aláboyún nìkan kọ́ ni ẹ̀jẹ̀ gbogbo ará ilé, àmọ́ oògùn àti ìlanilọ́yẹ̀ ti ṣiṣẹ́, kò sí iyè méjì níbẹ̀. Ohun kan wà nínú ìwádìí 2018 yẹn tí kò kúrò lọ́kàn mi. Láàárín àwọn tó jẹ́ ọmọ ọdún 20 sí 24, àwọn obìnrin tó ní kòkòrò náà lé ní ìlọ́po mẹ́ta àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ wọn.

Ẹ rò ó wò. Bó bá jẹ́ pé àwọn ọmọkùnrin ẹgbẹ́ wọn ló ń kó o ràn wọ́n, ìbá má jìnnà síra tó bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, ara ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bàlágà kò tíì gbó, ó máa ń tètè bó, kòkòrò náà á sì rí ojú ọ̀nà. Bí Ẹlẹ́dàá ṣe dá a nìyẹn. Èyí tó kù, owó ni.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ má bínú sí mi. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ fíríìdọ̀mù.

Ọmọ kan kọ́ aṣọ rírán fún ọdún mẹ́ta. Ó ti mọ̀ ọ́n. Ó ń gé bùbá láì fi téèpù wọ̀n ọ́n. Ó wá ku fíríìdọ̀mù. Owó ọ̀gá wà níbẹ̀, owó ẹgbẹ́ wà níbẹ̀, ìwé ẹ̀rí wà níbẹ̀, ìrẹsì kúlà mélòó kan, páálí ohun mímu, aṣọ tuntun, ayafọ́tò, kánópì. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni ẹ̀rọ ìránṣọ tó máa fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bàbá rẹ̀ ń wa ọ̀kadà. Ìyá rẹ̀ ń ta ẹ̀fọ́ ní Láfẹ́nwá. Níbo lowó yẹn yóò ti wá? Ẹ mọ ibi tó ti ń wá. Ọkùnrin kan wà tó tó bàbá rẹ̀ bí, tó ń gbé ọkọ̀ dúró ní Pánṣẹ́kẹ́, tó sọ fún un pé, "Má yọ ara rẹ lẹ́nu, èmi ni màá ṣe fíríìdọ̀mù ẹ." Nígbà tọ́jọ́ pé, gbogbo wa la jó. Kò sẹ́ni tó béèrè ẹni tó sanwó. Ìyá rẹ̀ dúró, ó ní kí a bá òun dúpẹ́, pé Ọlọ́run ló ṣe é.

Àrístò làwọn ọmọ ń pe irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀. Ọmọ yìí kò lè sọ fún àrístò pé kó lo rọ́bà. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé, "Nọ́ọ̀sì, ẹni tó ra ẹ̀rọ fún mi, ṣé èmi ni màá wá máa pàṣẹ fún?" Bó bá sì dán an wò, ọkùnrin náà á ní, "Ṣé àrùn lo rí lára mi ni?" Ó tán. Ẹ wò ó, àwa náà la kọ́ ọ pé kó kúnlẹ̀ kí àgbà, kó má wo àgbà lójú, kó má já àgbà lóhùn. Ẹ̀kọ́ rere ni. Àgbà burúkú mọ̀ pé a ti kọ́ ọ, orí ẹ̀kọ́ yẹn ló sì gùn wọlé.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín fún kò le. Ẹ sọ owó yẹn di ohun tí ọmọ lè san. Ẹ jẹ́ kó máa dá a lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti ọdún kìn-ín-ní bí ẹni ń dá àjọ. Ẹ yọ kánópì kúrò níbẹ̀, òjò kì í rọ̀ lójoojúmọ́. Abẹ́ àáró ni Lísàbí kó àwọn baba wa jọ sí, lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ, ohun tí ẹnì kan kò lè dá ṣe ni wọ́n fi ṣe. Kí ló dé tí ẹgbẹ́ aránṣọ kò lè ṣe àáró fíríìdọ̀mù? (Ìyá kan pariwo láti ẹ̀yìn pé ẹgbẹ́ kò ní gbà. Mo ní ẹgbẹ́ náà ló jókòó síbí yìí.) Ohun mìíràn: ọmọ tí ẹ ń rán láti gbé aṣọ lọ fún oníbàárà ní òtẹ́ẹ̀lì ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, ẹ má rán an mọ́. Kí oníbàárà wá gbé aṣọ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni lójú òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003, ìpínlẹ̀ Ògùn náà sì ti sọ òfin yẹn di tirẹ̀. Àgbàlagbà tó bá bá a sùn ti dá ọ̀ràn. Kò sí "òun náà gbà" níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọkùnrin ńkọ́? Ẹ̀yin àgbà máa ń sọ pé àṣà wa ti dáàbò bo àwọn ọmọ tẹ́lẹ̀, pé ayé ọ̀làjú ló bà á jẹ́. Mo gbà á dé ìdajì. Láyé àtijọ́, bí ọkọ bá bá ìyàwó nílé, ìṣáná tó kún dẹ́nu ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí àwọn òbí rẹ̀. Bí kò bá bá a nílé, ìṣáná ààbọ̀ ni, tàbí agbè ẹmu tí kò kún. Ó dára. Ta wá ni wọ́n fi ìṣáná ránṣẹ́ sí nítorí ọkọ? Kò sí. Màgùn náà nìyẹn, ara ìyàwó ni wọ́n ń fi í sí. Gbogbo ẹ̀ṣọ́ tí a ní, ẹsẹ̀ obìnrin la so ó mọ́. Ọmọkùnrin ẹni ọdún 16, a ní, "Ọkùnrin ni, ẹ jẹ́ kó mọ ayé." Bí kò bá tíì mọ ayé náà, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á máa pè é ní Pásítọ̀, bó bá jẹ́ Mùsùlùmí wọ́n á pè é ní Lèmọ́mù, wọ́n á máa fi ṣe ẹlẹ́yà títí yóò fi lọ ṣe ohun tí kò wù ú, pẹ̀lú ẹni tí kò mọ̀, láìsí rọ́bà, nítorí pé wọ́n ní a kì í jẹ súìtì tòun ti ọ̀rá rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọkùnrin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀ yẹn, mo ti gbọ́ ọ rí kí wọ́n tó bí yín.

N kò ní pẹ́ lórí àríyá òru, paraga ìdí gáréèjì, tramadol àti igbó. Ẹ mọ̀ wọ́n. Ẹni tí ọtí ti gbé lórí kò rántí rọ́bà tó wà nínú àpò rẹ̀. Abẹ́ gbẹ́rẹ́ àti abẹ́ ìdábẹ́ tí wọ́n ń fi gé ọ̀pọ̀ ọmọ léraléra náà kò dára, àmọ́ kì í ṣe ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọ̀dọ́langba tó wọ yàrá mi ti kó o. Ìbálòpọ̀ ni.

Ohun tó tún ń tan àwọn ọmọ ni ojú. Wọ́n rò pé éèdì máa ń hàn lójú. "Nọ́ọ̀sì, ó sanra, ara rẹ̀ ń dán." Wọ́n ti wo fíìmù tí alárùn ti rù bí igi, wọ́n wá ń wọn ènìyàn pẹ̀lú ojú. Ẹni tó ní kòkòrò náà lè lo ọdún mẹ́jọ, mẹ́wàá, láìsí àpẹẹrẹ kankan, kó máa sanra lọ. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà láti mọ̀: ẹ̀jẹ̀.

Ìlú wa yìí ló sì yẹ kó mọ̀ ju ìlú mìíràn lọ. Fela, ọmọ Abẹ́òkúta tí wọ́n bí síbí ní 1938, ọmọ Rẹ́fúrẹ́ńdì tó jẹ́ ọ̀gá àgbà Abeokuta Grammar School, kú ní oṣù kẹjọ ọdún 1997. Ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, dókítà àwọn ọmọdé tó ti ṣe mínísítà ètò ìlera rí, jókòó níwájú àwọn akọ̀ròyìn, ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́ pé àrùn éèdì ló pa àbúrò òun. Ẹ mọ irú ilé tí wọ́n ti wá. Ẹ mọ bí a ṣe ń bo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ilé ńlá. Àìsàn ránpẹ́ la máa ń kọ sórí ìwé ìsìnkú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbà á gbọ́, àwọn kan bú u. Àmọ́ ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ibi tí a ti ń dìrí ní Sápọn, gbogbo ẹnu ló ń sọ éèdì, láìsí àdàpè. N kò tíì rí irú rẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà.

Èyí tó dùn mí jù ni mo fẹ́ sọ wàyí. Àwọn ọmọ kan wà tí wọn kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n bí kòkòrò náà mọ́ wọn ni, kí oògùn tí kì í jẹ́ kí ìyá kó o ran ọmọ inú rẹ̀ tó gbilẹ̀. Wọ́n ti di ọmọ ọdún 15, 16 báyìí. Oògùn tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́ mú wọn dàgbà, ara wọn dá ṣáṣá. Ìyá wọn kò sọ fún wọn. Ó ní oògùn ọkàn ni, ó ní fítámì ni. Ọmọ wá rò ó pé ara òun ti le, fítámì kò pọn dandan, ó dá a dúró. Ó sì ti ní ọ̀rẹ́kùnrin. Ìyá kan jókòó níwájú mi, ó ń sunkún, ó ní bí òun bá sọ fún un, yóò béèrè bí òun náà ṣe kó o. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, yóò béèrè. A jọ kọ́ ohun tó máa sọ, bí ẹni ń kọ́ orin. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà á kó tó lè sọ ọ́. Ẹni tó bá ń lo oògùn yẹn déédéé títí kòkòrò náà kò fi hàn mọ́ nínú àyẹ̀wò, kì í fi ìbálòpọ̀ kó o ran ẹnikẹ́ni. Ọmọ tí kò mọ ohun tí oògùn rẹ̀ wà fún, báwo ni yóò ṣe lò ó déédéé?

Ẹ̀yin ọ̀gá, bí ẹ bá mọ̀ pé ọmọ iṣẹ́ yín ní in, ẹ kò gbọ́dọ̀ lé e. Òfin ọdún 2014 wà lórí ìyẹn. Kò sì sí ẹni tó lè fi dandan lé e pé kó ṣe àyẹ̀wò kí a tó gbà á síṣẹ́. Kì í ran ènìyàn nípa àga, tàbí ife omi, tàbí kóòmù.

Ilé ẹ̀kọ́ ńkọ́? Ẹ̀kọ́ nípa ìgbé ayé ẹbí àti éèdì ti wà nínú ìwé ìlànà wọn tipẹ́, olùkọ́ tó bá nígboyà á kọ́ ọ, èyí tí ojú bá ń tì á fo orí náà kọjá. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ pàṣẹ pé kí wọ́n yọ ẹ̀kọ́ ìbálòpọ̀ kúrò nínú ti ilé ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. N kò ní bá a jà lónìí. Bí wọ́n bá yọ ọ́, ilé ló kù. Ilé ọ̀hún ló ń sọ pé ọwọ́ ọkùnrin ń fún ni lóyún yẹn.

Ẹ̀yin ọmọ, kí ẹ fi èyí sọ́kàn, kí ẹ kọ ọ́ sínú fóònù yín. Bí wọ́n bá fi ipá bá ọ lò pọ̀, tàbí rọ́bà bẹ́, tàbí o kò lo nǹkan kan, oògùn kan wà tó lè dènà kòkòrò náà. Wákàtí 72 lo ní láti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bó bá sì ṣe yá tó ló dára tó. Ọjọ́ 28 ni wọ́n ń lò ó. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdí-Abà. Má kọ́kọ́ lọ wẹ̀, má dúró de Mọ́ńdè, má lọ mu àgbo. Má jẹ́ kí ìtìjú jẹ wákàtí yẹn tán.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n bi mí léèrè ọ̀rọ̀. Bàbá kan dìde, ó fìlà dé etí bí ọmọ Ẹ̀gbá gidi, ó ní ṣé kò ní dára bí ìjọba bá lè fi màgùn sí gbogbo ọmọbìnrin ìlú lára títí wọn ó fi lọ́kọ. Gbọ̀ngàn rọ́ fún ẹ̀rín. Mo ní, "Bàbá, ẹ ṣé. Ṣé ẹ ó gbà kí wọ́n fi sí àwọn bàbá lára náà?" Ó jókòó. Ìyàwó rẹ̀ ló pàtẹ́wọ́ jù.

Ìbéèrè kejì jẹ́ bébà tí wọ́n ká lẹ́ẹ̀mẹrin. Wọ́n gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé ọ̀dọ̀ mi, kò ní orúkọ, bírò pupa ni wọ́n fi kọ ọ́: "Tó bá ti di ọjọ́ karùn-ún ńkọ́?"

N kò wo ibi kankan. Mo ní oògùn wákàtí 72 kò ní ṣiṣẹ́ mọ́, àmọ́ ìyẹn kò ní kí ẹni náà ti kó o. Kó lọ ṣe àyẹ̀wò báyìí, kó padà lọ ṣe é lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kó tún ṣe é lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, nítorí pé kòkòrò náà kì í tètè hàn. Kí wọ́n yẹ oyún àti àtọ̀sí wò pẹ̀lú. Bí wọ́n bá rí i, oògùn wà, ọ̀fẹ́ ni, yóò sì dàgbà, yóò bímọ. Bó bá jẹ́ pé ipá ni wọ́n fi ṣe é, ọjọ́ karùn-ún kò pẹ́ jù láti sọ. Mo ní èmi yóò jókòó sídìí ilẹ̀kùn títí gbọ̀ngàn yóò fi ṣófo, n kò ní bi ẹnikẹ́ni lórúkọ.

Wọ́n kó àga tán, wọ́n gbálẹ̀. Ẹni mẹ́ta ló wá. Méjì nínú wọn, ìyá ọlọ́mọ ni.